Ẹni Tí Yóò Máa Gbálẹ̀ Ni Kó Yan Ilé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ètò Ìdarí àti Sọ́fítíwíà fún Server Ìkànnì Wa

 

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ẹnìkan á pè mí lórí fóònù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti kúrò níbi tá a ti ń bá àwọn ẹlòmíràn pín ẹ̀rọ, a ti sanwó server tiwa. Kí la fẹ́ gbé sórí rẹ̀? Ubuntu ni àbí Windows? Apache ni àbí Nginx?" Èmi náà á wá bi í pé, "Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ìpalọ́lọ́ yẹn ló gbé mi dìde níwájú yín.

Server kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Kọ̀ǹpútà ni, tí kì í sùn, tó ń dá ẹni tó bá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ lóhùn tọ̀sán-tòru. Èyí tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí fún ìkànnì ayélujára ni kọ̀ǹpútà NeXT tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá ìkànnì ayélujára sílẹ̀, ń lò ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì nítòsí Geneva. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé server ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni server ti ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ìkànnì yín wà lórí ẹ̀rọ alágbàpọ̀, ẹ dà bí ẹni tó gba yàrá kan nínú ilé tí ayálégbé púpọ̀ jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí aládùúgbò bá sì ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, omi tiyín á dín kù. Ṣùgbọ́n onílé ló ń tún páìpù ṣe, òun ló gba ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì, òun ló ń pe àwọn tó ń kó ṣáláńgá. Ọjọ́ tí ẹ bá gba odidi server fún ara yín, odidi ilé lẹ gbà yẹn. Àyè á gbà yín, ẹnikẹ́ni ò sì ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n géètì, páìpù àti òrùlé tó ń jò, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ló ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé tán tí wọn ò rántí pé onílé ò ní wá bá wọn ti géètì mọ́ lálẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ni kó yan ilé. Bí ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀rọ náà bá ti lo Debian, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí à ń gbé sórí server, fún ọdún mẹ́fà, Debian ló dára jù fún yín, ohun yòówù kí ẹ kà nínú ìwé. Bó bá jẹ́ Rocky Linux ló mọ̀, òun ni kí ẹ gbà. Ẹ̀rọ tó dáa lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ewu ni.

Sọ́fítíwíà tó ń ṣáájú lórí server ni operating system, tí èmi yóò máa pè ní ètò ìdarí. Òun ló ń pín agbára ẹ̀rọ, òun ló mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí fáìlì wo, òun ni gbogbo sọ́fítíwíà yòókù sì jókòó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Windows Server. Bí iṣẹ́ yín bá dúró lórí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ASP.NET àtijọ́ kọ, tí kò lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, Windows ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ bó ti yẹ. Iye core (ọpọlọ ìṣírò) tó wà nínú ẹ̀rọ ni Microsoft fi ń ṣírò owó láísẹ́ǹsì, kì í sì í kà á sí ohun tó dín ní 16 fún server kan, bí ẹ̀rọ yín tilẹ̀ ní mẹ́jọ péré. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ayédèrú rẹ̀ sórí server. Ẹni tó bá yín já àgádágodo rẹ̀ lè ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Linux ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín máa lò. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní Finland, ló kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo inú rẹ̀. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé Linux ní ìdílé púpọ̀. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní 1993, ó sì so orúkọ Debra, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, mọ́ tirẹ̀ láti fi sọ ọ́ lórúkọ. Inú Debian ni Ubuntu ti jáde ní 2004, láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa. Ìdílé kejì ni ti ilé iṣẹ́ Red Hat, tí AlmaLinux àti Rocky Linux tan mọ́. FreeBSD wà lọ́tọ̀ ní tirẹ̀, kì í ṣe Linux rárá. Òun ni Netflix ń lò lórí àwọn ẹ̀rọ tó fi ń gbé fíìmù dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó ń pè mí, n kò tíì rí méjì tó ní ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ nílé.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé "ta ni" ni "títí dìgbà wo". Gbogbo ètò ìdarí ló ní ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é kò ní tún un ṣe mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí ihò bá lu lára ògiri, ẹnikẹ́ni ò ní wá dí i. Ẹ̀dà Debian kọ̀ọ̀kan ń gba ìtọ́jú fún bí ọdún mẹ́ta, àwọn mìíràn sì máa ń fi ọdún méjì lé e. Ubuntu tí wọ́n bá pè ní LTS ń gba ọdún márùn-ún. AlmaLinux àti Rocky ń gba mẹ́wàá. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sára ògiri ọ́fíìsì yín, níbi tí ẹ kọ ọjọ́ tí owó ilé yóò pé sí.

Kódà, ọjọ́ tí wọ́n kọ fún ni lè yẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nígbà kan, CentOS, tó jẹ́ ti ìdílé Red Hat, ni àìmọye ilé iṣẹ́ fi ń gbé server wọn ró, nítorí pé ó bá ti Red Hat mu délẹ̀délẹ̀, kò sì ná wọn lówó. CentOS 8 jáde ní 2019, wọ́n sì sọ pé yóò wà títí di 2029. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2020, Red Hat kéde pé ìparí 2021 ni yóò kú. Ọdún mẹ́jọ tí àwọn èèyàn fọkàn sí di ọdún kan. Inú ìbínú yẹn ni AlmaLinux àti Rocky Linux ti jáde. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí a béèrè ẹni tó lágbára láti pa ètò kan kí a tó gbé ẹrù wa sórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ni Debian. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè jí lọ́jọ́ kan kó sì pa á. Ìdí pàtàkì tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, n kò sì fi pamọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé Debian ti gbó, pé àwọn sọ́fítíwíà inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, sọ́fítíwíà ìpamọ́ dátà kan, ń wọn bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń yára tó. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá fẹ́ fi SSH, ọ̀nà tí à ń gbà wọ server láti òkèèrè, wọlé, ó ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré! Ẹlòmíràn á ti gbójú fò ó. Òun tọpasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, sọ́fítíwíà kékeré kan tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbẹ̀. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti lo ohun tó lé ní ọdún méjì láti fi iṣẹ́ rere wá ojúrere, wọ́n fọkàn tán an, wọ́n fún un láṣẹ, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn náà síbẹ̀. Àwọn ẹ̀dà Linux tó ń sáré lé ohun tuntun ti gbé e wọlé. Debian stable, tí wọ́n ń pè ní arúgbó, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

N kò ní kí ẹ máa lo ohun tó ti jẹrà o. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ní ti sọ́fítíwíà tí yóò máa gbé ojú ìwé fún àwọn òǹkàwé, ẹ ronú nípa búkà. Apache, tó ti wà láti 1995, bẹ̀rẹ̀ bí olóúnjẹ tó ń yan ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yẹn ò ní kúrò nídìí tábìlì títí oníbàárà yóò fi jẹun tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ni oníbàárà ọ̀hún ń fi fóònù ṣeré. Bí igba èèyàn bá wọlé, ọmọ ọ̀dọ̀ igba la nílò. Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé Nginx jáde ní 2004 lọ́nà mìíràn: ọmọ ọ̀dọ̀ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn yá ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, wọn kì í dúró ti ẹnikẹ́ni tí kò tíì ní ohun tó fẹ́. Apache náà ti kọ́ ọgbọ́n yìí báyìí, nítorí náà ìjà tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí à ń fi pariwo. Bí ìkànnì yín bá ní fáìlì .htaccess, tí Apache máa ń gba àṣẹ nínú rẹ̀, káàkiri, Apache ni kí ẹ máa lò lọ. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí àwọn òǹkàwé yín sì ń fi fóònù wọlé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà, tí ojú ìwé kan ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Nginx ni mo máa mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọra ni mo dé yìí, ìyẹn ibi ìpamọ́ dátà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ń gbé. Àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́ni kì í ronú kan èdè wa. Àwa fúnra wa la máa ronú kàn án.

Mo ti jẹ ìyà yìí rí. Ìkànnì ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, olùkọ́ méjì ló fi ọdún mẹ́ta kọ ohun inú rẹ̀. A gba server tuntun, oníṣẹ́ kan sì bá wa kó ẹrù lọ síbẹ̀ lóru. Láàárọ̀, ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣí, àwòrán pé, "ilé" sì wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo dúpẹ́, mo lọ jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Níbi tí òun ti kọ "ọjọ́", ohun tó wà níbẹ̀ ni "?j??". "Ẹ̀kọ́" ti di "??k??".

Ohun tó fà á rèé. Wọ́n ti dá tábìlì tuntun náà sílẹ̀ nínú MySQL, sọ́fítíwíà ìpamọ́ dátà, pẹ̀lú latin1, ètò lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Faransé ní "é", nítorí náà "ilé" rí ibi dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pèsè àga fún "ọ", "ẹ" tàbí "ṣ", kò sì sí àyè fún àmì ohùn tó dá dúró lórí wọn. Ohun tí kò rí àga, àmì ìbéèrè ló di. Bó bá sì ti di bẹ́ẹ̀, kò ṣeé yí padà mọ́, nítorí pé ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tó yàtọ̀ síra ló ti di ohun kan náà. Ọjọ́ méje péré ni à ń tọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí náà gbogbo ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ló ti kún fún àmì ìbéèrè. Ìwé tí olùkọ́ náà ti tẹ̀, tó dì sínú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, la fi tún un kọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, fún oṣù márùn-ún.

MySQL ti yí padà láti ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní 2018: utf8mb4, tó gba gbogbo lẹ́tà wa, ló ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ òmíràn fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kejì ṣì wà. Ìlànà tó fi ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ ń jẹ́ utf8mb4_0900_ai_ci. Ohun tí "ai" yẹn ń sọ ni pé kò ka àmì sí. Lójú rẹ̀, oko tí àgbẹ̀ ń lọ, ọkọ́ tó gbé léjìká, ọkọ̀ tó wọ̀ dé ibẹ̀ àti ọkọ tí ìyàwó ń dúró dè nílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń kọ ìwé atúmọ̀ èdè, tí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, yóò gba "oko", yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ "ọkọ̀". Utf8mb4_0900_as_cs ni kí ẹ yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi ń lo PostgreSQL fún ohun tó bá jẹ mọ́ èdè. Ó mọ "oko" yàtọ̀ sí "ọkọ̀" láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì yan ìlànà tó ń jẹ́ yo-x-icu fún un, yóò to ọ̀rọ̀ bí ábídí wa ṣe tò: "ẹ" yóò tẹ̀ lé "e", "gb" yóò dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan lẹ́yìn "g", tí "gígùn" yóò fi ṣáájú "gbogbo". Àwọn kan ti jókòó kọ ìlànà yìí fún Yorùbá, ó ti wà nínú sọ́fítíwíà náà, ọ̀fẹ́ ni, àwa la ò lò ó.

Ohun kan ṣì kù tí ojú ò lè rí. "Ẹ" lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ méjì: "e" àti àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe rí lójú kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí wọn ní méjì. Bí akọ̀wé yín kan bá ń fi fóònù kọ̀wé, tí èkejì ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, òǹkàwé lè wá "ẹ̀wà" kí ó má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Láti ẹ̀dà 13 ni PostgreSQL ti ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ normalize, tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kó tó wọlé.

Ní ti ilẹ̀kùn server, ìyẹn port: bí ẹ bá ti gbé sọ́fítíwíà yín sílẹ̀ tán, ẹ tẹ "ss -tlnp", kí ẹ sì ka ohun tó bá jáde. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí sí ìgboro ni 80 àti 443 fún òǹkàwé, àti 22 fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ SSH wọlé, kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0:3306 níbẹ̀, ibi ìpamọ́ dátà yín ló kọjú sí títì yẹn, bí kò bá sì sí ògiri tó dí i, gbogbo ayé ló lè kàn án. Ohun tí ẹ ò bá lò, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe tó jẹ mọ́ ààbò máa wọlé fúnra rẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, unattended-upgrades ló ń ṣe é. Ẹ wo Equifax, ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà: ó ní sọ́fítíwíà Apache Struts (kì í ṣe Apache tó ń gbé ojú ìwé) tó ní ihò. Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Ilé iṣẹ́ náà kò dí ihò náà, àwọn olè wọlé ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì kó ìròyìn nípa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 147 lọ. Owó kọ́ ni wọn kò ní.

Ẹ̀dà ìpamọ́ náà kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú server. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé server kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, títí ó fi run. Àwọn kan tí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ìlú mìíràn, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ ju ọjọ́ méje lọ, kí ẹ sì máa dá a padà sórí ẹ̀rọ mìíràn lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dá a padà, ẹ má wo "ilé" nìkan. Ẹ wo "ọjọ́".

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó san owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sí i: ẹni tí yóò máa tọ́jú server náà, àti ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé. Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ yan ètò ìdarí tó mọ̀, kí ẹnì kejì sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń yàn án. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kejì kọ, ẹ sanwó fún ilé iṣẹ́ tí yóò máa bá yín tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ẹ dúró sí yàrá alágbàpọ̀ yín fún ọdún kan sí i.